Ẹni Pupa, Ẹni Búlúù

Ní ṣọ́ọ̀bù Akíndípẹ̀, ní Arákalẹ̀,
lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà,
àádọ́ta náírà ni ìjà kan nígbà yẹn.
Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ bí arúgbó,
àwa jókòó lórí bẹ́ǹṣì, orúnkún kan orúnkún,
à ń wo àwọn tí kò légungun
tí wọ́n ń fọ́ ara wọn léegun.

A kò mọ orúkọ tí ẹni tó ṣe wọ́n sọ wọ́n,
àwa la tún wọn sọ.
Àgbá: ó sanra, ó lọ́ra,
ṣùgbọ́n bó bá fi lè gbá ọ mú, o ti di ẹrù.
Dúró-lọ́hùn-ún: kì í súnmọ́ni,
iná ló ń jù, iná, iná,
bí ọmọ tó ń sọ òkò sí máńgòrò onímáńgòrò.
Bàbá onírùngbọ̀n kan wà tó ń ṣe bí ẹni mutí yó;
ìgbà tó bá fẹ́ ṣubú gan-an ni kí o sá.

Lọ́dún kejì Akíndípẹ̀ ra díìsì tuntun.
Ilé yàtọ̀, aṣọ yàtọ̀, ojú ọ̀run yàtọ̀,
a tẹ bọ́tìnnì: Àgbá ló tún dé, ó ti fárí.
Dúró-lọ́hùn-ún ti di obìnrin, yìnyín ló ń jù báyìí.
"Ọbẹ̀ àná ni wọ́n gbé kaná fún wa," ni Bọ́sìpò wí,
ṣùgbọ́n kò dìde.

Olúgbùyì ẹ̀gbọ́n mi kò mú ẹlòmíì rí:
ẹni pupa.
Èmi a mú ẹni búlúù, nítorí àbúrò ni mí.
Ohun tí pupa mọ̀ ni búlúù mọ̀,
fò, yí, rẹlẹ̀, da gìgísẹ̀ sókè,
àfi pé ìpàá búlúù máa ń pẹ́ díẹ̀,
bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ sín, tí kò tètè sín.
Inú àlàfo yẹn ni mo ti ń fìdí rẹmi fún ọdún mẹ́ta.

Ó ní àṣà kan:
bó bá fẹ́ pa ọ́, á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
kíá, kíá, bí ẹni ń kí bàbá ìyàwó,
lẹ́yìn náà á fà sẹ́yìn.
Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ọdún kẹsàn-án rèé tó gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ.
Ó pè wá láti Agadésì, ó ní ooru mú.
Màámi ṣì ń yọ ẹran tirẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Lóṣù tó kọjá, iṣẹ́ gbé mi dé Oǹdó.
Òjò lé mi wọ abẹ́ páànù kan ní Yàbá,
géèmù ni wọ́n ń gbá níbẹ̀. Igba náírà.
N kò mọ díìsì náà; àwọn ara inú ẹ̀ ń làágùn,
o lè ka irun apá wọn.
Mo wò yíká: Àgbá. Dúró-lọ́hùn-ún. Bàbá ọ̀mùtí.
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.
Ọmọ kan, Akínsuúrù, kò lè ju mẹ́tàlá lọ,
ló mú ẹni pupa.
Mo sanwó. Mo mú búlúù.
Ìjà kò tíì gbóná tí pupa fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀
lẹ́ẹ̀mejì.
Kíá, kíá.

"Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?"
Kò wojú mi. "Kò sẹ́nìkan.
Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Gbogbo wa.
Ta ló kó o wá láti Àkúrẹ́, nínú ọkọ̀ wo?
Àbí ọwọ́ tó bá ti di páàdì mú pẹ́
yóò dé ibẹ̀ fúnra ẹ̀, bí omi ṣe ń mọ ọ̀nà kòtò?

Ó fà sẹ́yìn.
Mo ti tẹ ìpàá mi, èyí tó máa ń pẹ́,
mo tẹ̀ ẹ́ kó tó yẹ kí n tẹ̀ ẹ́.
Ó bà á.

Ọmọ náà yíjú sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́.
"Àǹtí, ẹ tún un ṣe."
Òjò ti dá.
Mo tún yọ igba náírà.